Ife Drahomíra

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá.
Irọ́ ni. Èmi rèé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá a jà
nínú ihò èédú l'Ostrava,
ẹgbẹ̀rin mítà nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń làágùn:
èmi àti ẹ̀rọ ìfami mi, à ń lé e sókè,
ó ń padà wá bí olówó èlé tó mọ ojúlé wa.

Wàyí o, wọ́n ní kí n wá mu ún.

Dókítà gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró mi sójú iná,
ó wò ó títí. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Vrzal,
èédú tí ẹ ní ẹ wà tán,
díẹ̀ ṣẹ́ kù sí yín láyà."
Ó kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún mi ní Luhačovice.
Oògùn ni, ó ní.
Òógùn ni èmi mọ̀, mi ò mọ oògùn,
ṣùgbọ́n mo wọ rélùwéè.

Ìlú náà ti gbó sínú ẹwà rẹ̀:
ilé onígi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn bí ẹyin ọdún,
gbọ̀ngàn olópòó funfun
níbi tí àwọn ìyàwó ìjòyè ayé ọjọ́un ti ń fi yẹ̀rì gbálẹ̀.
Lónìí, àwa la kù:
tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí ọ̀fun rẹ̀ há,
obìnrin kan tó ń rìn yí òpó ká, yí òpó ká,
torí wọ́n ní a kì í jókòó mu ún.
Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kò sẹ́ni tó ń yára.
À ń fa omi bí ẹni ń fa ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Ife ọwọ́ mi kì í ṣe tèmi.
Ti Drahomíra ni, tánganran aláwọ̀ aró;
ibi tí a fi ń dì í mú náà la ti ń mu ún,
ó níhò nínú bíi fèrè.
Etí rẹ̀ sán díẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó sán.
Tí oṣù karùn-ún bá ti wọlé ló máa ń wá síbí
nítorí òróòro rẹ̀,
èmi a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Omi oníyọ̀!
Ṣé iyọ̀ tán nílé ni?"
N ò sìn ín wá rí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, n ò sìn ín wá.

Mo mu ún.
Ó níyọ̀ bí ètè ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru dé,
irin wà nísàlẹ̀ iyọ̀,
òkúta wà nísàlẹ̀ irin.
Mo mọ̀ ọ́n. Ojúlùmọ̀ mi ni.
Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni;
tèmi kàn gba abẹ́ ilẹ̀ yí po ni.

Květuše tó ń bu omi fún wa dá ọwọ́ dúró.
"Ife yìí! Mo mọ ife yìí.
Ìyá tó ni ín kì í mu ún tán.
Á mu ìdajì, á lọ da ìdajì sídìí igi líńdìn,
á ní, ti ẹni mi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ nìyẹn.
A máa ń bá a kẹ́dùn.
A rò pé opó ni."

Mo húkọ́ kan tí kì í ṣe ti èédú.
"Ibi iṣẹ́ ni mo wà,"
gbogbo ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn.
Lẹ́yìn náà: "Igi wo?"
Ó nawọ́ síta. Igi líńdìn tò lọ rẹrẹ létí odò.
"Ọ̀kan nínú wọn," ló wí.

Mo tò wọ́n lọ.
Mo ro díẹ̀ sídìí èkíní, díẹ̀ sídìí èkejì.
Ìrì mu bàtà mi.
Ọkùnrin kan tó fa ajá lọ́wọ́ yà bàrá fún mi.
Ìdí igi kẹsàn-án ni ife gbẹ sí.

Mo padà sórí ìlà.
Květuše wò mí, ó wo ife.
"Baba, ife kan ṣoṣo ni dókítà kọ o."
"Mo mọ̀," ni mo wí.
"Igi mọ́kànlélógún ló kù."