Etí, Àádọ́ta

Ìyáàfin Kúṣìmọ̀ kọ ọ́ sí pátákó:
wíwá lásìkò, máàkì mẹ́wàá;
ìdúró ṣánṣán, mẹ́wàá;
etí, àádọ́ta.
Ẹnu, ọgbọ̀n péré. A rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ohùn mi há
bí ilẹ̀kùn tí òjò Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta mú wú.
Mo lanu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde.
Ráfíátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fẹ́ ṣìnà orin,
mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ,
mo mí níbi tó yẹ kó mí.
Ó mí. Ó padà sọ́nà.

Rélùwéè kọjá. Gbogbo wa dúró dè é.

Ìwé èsì dé.
Ẹnu: òdo.
Etí: àádọ́ta, bírò pupa fàlà sí i nídìí.
Màmá mi ní, “Kí lẹ ń fetí kọ?”
Mo ṣì ń ronú sí i.