Ka Ọgbọ̀n

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ta kìjí.
Bùláńkẹ́ẹ̀tì fò, iná ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣubú.
Fadérera kì í tilẹ̀ lajú mọ́.
Ó na apá láti inú oorun, ó tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀
bí ẹni tẹ ìdérí ìkòkò tó ń hó.
"Ó ti dé?"
"Ó ti dé."
Pajápajá, àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn.

Níta, Winnipeg dì gbagidi,
òtútù fi ọgbọ̀n lọ sísàlẹ̀ òdo,
àtẹ́lẹsẹ̀ mi sì ń jó bí ẹni dúró lórí ògúnná.
Mo fọwọ́ kàn án: ó tutù bí ẹja inú fìríìjì.
Ta ni kí n gbà gbọ́, ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀?

Ọdún kẹta rèé tí mo jábọ́ lórí òrùlé onílé kan ní Transcona,
òòlù lọ́wọ́, ìṣó mẹ́rin lẹ́nu.
Mo rántí pé mo tu ìṣó náà jáde kí n tó kanlẹ̀,
mi ò fẹ́ gbé e mì.
Láti ìgbà náà, bí mo bá rán ẹsẹ̀ níṣẹ́, kì í jẹ́.
Bí mi ò bá rán an, á jí, á máa tàpá sí ògiri.

Dókítà ní kí n fún ìrora ní nọ́ńbà,
láti oókan dé ẹ̀wá.
Mo wo ẹnu rẹ̀.
Nílé wa a kì í ka ìrora, orúkọ là ń pè é:
èyí ń ro, èyí ń ta, èyí ń gún,
èyí ń rìn lábẹ́ awọ bí ìjàlọ tó ṣìnà,
itan kú tipiri, òkú náà tún ń ké.
Nọ́ńbà wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Mo ní, "Méje." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lúsì, ará Filipíìnì tó ń bá mi na iṣan,
ní kí n má bá a jà:
na ẹsẹ̀ pẹ̀lẹ́, dúró, mí, ka ọgbọ̀n.
Ìyá mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń sọ pé
ọmọ tó ń sunkún, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó nà án.

Ọgbọ́n kan wà tí mo kọ́ fúnra mi:
láàárọ̀, bí ẹsẹ̀ bá na gbọnrangandan,
mo máa ń yára ki ṣòkòtò bọ̀ ọ́.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Olè tó ti wọlé, kó kúkú bá wa gbé àpótí.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kò gbọ́ ìpẹ̀.
Mo lo oògùn. Mo ka ọgbọ̀n títí ó sú mi.
Mo wá bú u, mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀,
mo ní kí wọ́n kúkú gé e kí n sinmi.
Fadérera tanná. Kò sọ̀rọ̀.
Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí mo wọ̀ láti àárọ̀,
ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa nǹkan yọ:
bọ́tìnnì kan, ti ẹ̀wù òtútù Móyọ̀.
Gìgísẹ̀ ti pọ́n, ó kù díẹ̀ kó bẹ́.
Èmi ò mọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀.
Afárá ti dá láàárín àwa méjèèjì,
òkúta ló ń jù láti òdìkejì odò.

Mi ò ní parọ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀.
Lóru yìí ó ń ro mí dé mùdùnmúdùn, mo payín pọ̀.
Ṣùgbọ́n mo tanná, mo wo gìgísẹ̀, mo wo abẹ́ itan,
mo wo rọ́bà ìtọ̀ bóyá ó lọ́.
Kò sí nǹkan.
Ó dáa. Mo na án pẹ̀lẹ́, mo ń kà:
ení, èjì, ẹ̀ta...
Nígbà tí mo dé ọ̀kàndínlógún, mo dákẹ́ díẹ̀ kí n mí.
Láti inú oorun, Fadérera ní, "Ogún."