Ojú Ewé Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mò ń tà á nígbà náà,
ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú,
orúkọ mi gàdàgbà níwájú rẹ̀: Dókítà Fèyíṣará Ṣóyọyè.
Ẹni tó bá rà á, mo fàmì sí orúkọ rẹ̀.
Ẹni tí kò rà á, mo fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo,
gbogbo kíláàsì sì mọ ohun tí òfìfo yẹn ń wí.

Ẹ má bi mí pé ṣé n kò mọ̀ pé kò dáa ni.
Mo mọ̀.
Owó oṣù mẹ́rin ò wọlé,
jẹnẹrétọ̀ ilé mi ń mu epo bí ọ̀mùtí.

Nígbà ọyẹ́, ní Ìjẹmọ̀, ní Kéésì, ní Ìtòkò,
àwọn onílé a máa fi àgádágodo sójú kànga.
Mo máa ń kọjá, mo máa ń bú wọn nínú ikùn mi,
èmi tí àgádágodo tèmi wà nínú báàgì ìwé.

Àfi bí Mùtíátù, ọmọ Sàlíù agbẹ́kànga, ṣe wọ ọ́fíìsì mi.
Ó ti fi ọwọ́ da gbogbo ìwé náà kọ,
ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta;
bírò búlúù tán lọ́nà, ó fi pupa parí rẹ̀.
Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló bá wá.
Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka tó nà sí ìwé kò gbọ̀n:
“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojú ewé kẹtàdínlọ́gbọ̀n.
Ẹ ní bí a bá gbẹ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, yanrìn la ó bá.
Bàbá mi ní kí n bi yín pé ìlú wo nìyẹn.”

Mo dákẹ́.
Inú ìwé àwọn ará ọ̀nà jíjìn kan ni mo ti dà á kọ,
níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ bí èlùbọ́.
Èmi tí wọ́n bí sábẹ́ òkúta,
tí àwọn baba ńlá mi sá pamọ́ sábẹ́ òkúta,
mò ń kọ́ ọmọ Ẹ̀gbá pé yanrìn ló wà nísàlẹ̀,
mo tún ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀!

Mo kó èyí tó kù lọ bá onífọ́tókọ́pì ẹnu géètì,
mo ní kó tẹ ìbéèrè sẹ́yìn wọn:
Kànga àdúgbò yín, báwo ló ṣe jìn tó?
Ta ló gbẹ́ ẹ? Kí ló bá nísàlẹ̀?

Wọ́n kùn o. Dẹ̀hìndé ní,
“Iṣẹ́ tìṣà ni wọ́n ń dì rù wá yìí.”
Ẹnì kan kọ ìsọkúsọ. Ẹnì kan da ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ,
tàṣìṣe-tàṣìṣe.
Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí n kì í gbóhùn rẹ̀
ya àwòrán àpáta, bó ṣe là,
bí omi ṣe ń gba ojú ẹ̀là náà wá.
Mo wò ó títí tíì mi fi tutù.

Ọdún kẹta rèé. Ìwé náà ò ní iye lára.
A kọ ọ́ síwájú rẹ̀: Gbà á. Dà á kọ. Tún un ṣe.
Fún ẹlòmíràn,
má sì gbàgbé orúkọ àwọn tó gbẹ́ ẹ.
Olùkọ́ kan ní Ṣakí gbà á, ó yọ ilẹ̀ tiwa, ó fi tiwọn sí i.
Lánàá ó kọ̀wé sí mi pé ibì kan ò tọ̀nà.
Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, mo bú sẹ́rìn-ín:
omi tí a kò bá fà, tánwíjí ní í fi ṣelé.

N kò ní parọ́, ọkàn mi ṣì ń fà sí owó náà.
Lálẹ́ tí epo bá tán, màá jókòó sínú òkùnkùn,
màá máa ka orúkọ ọgọ́fà ènìyàn lórí fóònù;
tèmi wà láàárín wọn, lábẹ́ Ṣ,
bí ẹni tó tò sídìí kànga pẹ̀lú garawa.

Ojú ewé kẹtàdínlọ́gbọ̀n wá kà báyìí:
Ní Abẹ́òkúta, bí o bá gbẹ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, òkúta ni.
Má pa dà. Wá ojú ẹ̀là rẹ̀.
Mùtíátù ló kọ ọ́,
pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tí kò mọ̀wé.