Láìfi Iyọ̀ Sí I

Fọwọ́lẹ́rán, dìde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.
Elégédé tí mo là láàárọ̀, láti Òyìngbò,
ìdajì rẹ̀ ti wọ ìkòkò,
hóró rẹ̀ ló kù sínú abọ́,
ó ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀.
Omi mẹ́ta ni mo fi fọ̀ ọ́
kí ìfun elégédé tó já kúrò lára rẹ̀.
Mo sá a sórí páànù lẹ́bàá fèrèsé
níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń mi ògiri
nígbàkigbà tó bá ń kọjá lọ sí Ìdó.

Má fi imú tì mí. Kò tíì tó jẹ.
Hóró tó bá rin á bu,
èyí tó bá sì ti bu, ààtàn ló ni ín.

Abọ́ṣẹ̀dé ló máa ń yan án tẹ́lẹ̀:
iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́, ata gígún, òróró díẹ̀,
á jókòó lórí àpótí, á máa pa á lẹ́nu, kẹ́, kẹ́, kẹ́,
á ju tìrẹ sí ọ tèèpo-tèèpo.
Òun náà ló sọ ọ́ ní Fọwọ́lẹ́rán
kí ìyá tó ń gbé yàrá kejì lè gbọ́
pé òun ti rí gbogbo rẹ̀, òun kàn ń wòran ni.

Ọjọ́ tí o bì sórí bàtà mi
ni mo gbé ọ lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ṣótúndé ní Yábàá.
Ó tẹ̀ ọ́ níkùn. Ó wò mí lójú.
"Bàbá, ta ní ń fún ajá ní iyọ̀?"
Mo ní ìyàwó mi ni.
Mo purọ́ mọ́ òkú.
Abọ́ṣẹ̀dé ti pé oṣù méje nílẹ̀;
èmi ni mò ń yan án bó ṣe máa ń yan án,
kí ilé lè ta sánsán bó ṣe máa ń ta.

Dókítà ní kí n yan án ní gbígbẹ,
kí n jẹ́ kó tutù, kí n bó o, kí n lọ̀ ọ́ kúnná,
kó má kọjá ṣíbí kékeré kan lórí oúnjẹ,
kó má sì jẹ́ ojoojúmọ́.
Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.
Ó ní tí mo bá rí aràn nínú ìgbẹ́ rẹ,
kí n wá gba oògùn lọ́dọ̀ òun,
kí n má lọ máa bẹ elégédé.
A ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó pè mí padà:
"Ẹsẹ̀ yín wú, bàbá.
Ẹ̀yin náà, ẹ lọ rí dókítà èèyàn."

Bí iyọ̀ ṣe kúrò nílé yìí nìyẹn.

Mi ò lo odó rẹ̀.
Ata Abọ́ṣẹ̀dé ṣì wà nínú igi rẹ̀,
mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí, kò lọ,
mo sì dúpẹ́ pé kò lọ.
Ìgò ni mo fi ń yí hóró náà lórí pákó.
Ṣíbí kan fún ọ.
Ṣíbí kan sórí ògì tèmi.

Má wò mí bẹ́ẹ̀.
Èmi náà mọ̀ pé kò dùn.
Jẹun.