Bí A Ti Í Sọ Ẹrù

Oṣù kejì, òjò dídì lẹ̀ mọ́ fèrèsé ní Halifax,
mo gbé orúnkún òsì mi tọ Winifred lọ
bí ẹni gbé aago tó kú lọ fún ẹni tí ń tún un ṣe.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé arúgbó onílé
lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, lórí àga bọ́ sí balùwẹ̀.
Orúnkún ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ó ní, "Fẹ̀yìn ti ògiri. Jókòó sórí àga tí kò sí."
Mo jókòó sórí afẹ́fẹ́.
N kò gòkè, n kò sọ̀kalẹ̀,
itan mi ń gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó fẹ́ parí iṣẹ́.
Ta ló ní ẹni tó dúró sójú kan ò ṣe nǹkan?
Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró de ìwé ìgbélùú lọ́dún mẹ́fà,
tí wọ́n ń bi mí nílé pé, "Kí lo wá ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó mú mi dé ìdí àpótí onígi kan.
"Fẹsẹ̀ méjì gùn ún. Ẹyọ kan ni kó o fi bọ̀.
Kà á dé márùn-ún."
Ení, èjì, mo já lulẹ̀ gbì!
Èmi náà bá ara mi wí lédè wa:
Ìbírónkẹ́, sísọ̀ kì í ṣe sísọ nù.
Lọ́jọ́ kejì ara ro mí débi pé
mo fẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì alájà méjì,
dẹ́rẹ́bà ń wò mí nínú dígí.

Títóbi ọmọ mi ní eré arúgbó nìyẹn.
Òun á gbé irin, á bẹ̀rẹ̀, á dìde,
ó ń lọ ó ń bọ̀ fìrì-fìrì, òógùn ń kán tó-tó.
Ó dára lójú, n kò purọ́.
Mo bi Winifred pé èwo ló jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Ó gbé èjìká: "Ibo ló ń dùn ẹ́ lónìí?"

Ọjọ́bọ̀ ni mo gbé Ọ̀gbẹ́ni Ogden, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Mo gbé e. Mo dúró díẹ̀.
Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún,
ìdí rẹ̀ kan tìmùtìmù láìdún.
Ó wò mí títí. Ó ní,
"Lónìí, o ò jù mí."

Òkè àdúgbò mi ṣì ga.
Mo ń sọ̀ ọ́ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.