Ìwé Ìwọ̀n

Ní Ìjẹrù, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lábẹ́ igi kajú méjì,
ni mo ti ń fi téèpù wọn ara ènìyàn, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.
Ìwé ìwọ̀n mi ti di mẹ́sàn-án. Ẹ̀yìn àkọ́kọ́ ti ya,
ṣùgbọ́n orúkọ ìyá mi ṣì wà lójú ewé kìn-ín-ní:
Àwẹ̀ró. Èjìká, mẹ́rìndínlógún. Àyà, ogójì.
Láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ínṣì mẹ́rìnléláàádọ́ta.

Kérésì kan dé, mo rán aṣọ fún un, kaba náà ń wọ́lẹ̀.
Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú rẹ ti ń ṣe bàìbàì."
Mo tú etí rẹ̀, mo gé e, mo tún un ṣẹ́.
Mo ju téèpù nù, mo ra òmíràn ní Tákì.
Òmíràn tún dín ínṣì kan.
"Ẹ nàró dáadáa, Màmá."
"Mo nàró."
"Ẹ ò nàró."
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n purọ́ mọ́.

Aṣọ ò lẹ́nu, àmọ́ ó ń rojọ́:
iwájú ń ṣù jọ síkùn, ẹ̀yìn ń fà sókè.
Èmi tí mo gbọ́ èdè aṣọ, mo di etí.
Mo rò pé ìmẹ́lẹ́ àgbà ló tẹ ẹ̀yìn rẹ̀.
Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Kò ṣubú.
Mo tún un sọ, torí gbogbo àdúgbò ló ń bi mí níbi tó ti ṣubú.
Ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé abọ́ kajú, ó sín,
ẹ̀ẹ̀kan péré,
nǹkan sì ró kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná.
Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní aládùúgbò ni.
Wọ́n dárúkọ ẹni mẹ́ta tó ń to eegun.

Dókítà Ladéjọbí ya eegun méjì sẹ́yìn káàdì rẹ̀.
Ọ̀kan dì bí afárá oyin.
Èkejì, mo dá a mọ̀ kó tó yà á tán:
léèsì ni. Ihò rẹ̀ ju òwú lọ.
"Eegun kì í ṣe òkúta," ó ní.
"Ó ń wó ara rẹ̀, ó ń tún ara rẹ̀ mọ, lójoojúmọ́.
Bí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró,
ẹni tó ń wó a máa yára ju ẹni tó ń mọ lọ.
Kì í dunni. Kì í ránṣẹ́ ṣáájú.
Eegun ẹ̀yìn a kàn máa rún, ọ̀kan lórí èkejì,
ara a sì máa kúrú."
Mo bi í bóyá garawa omi tó rù láyé ọjọ́un ni,
àti ọmọ mẹ́fà tó pọ̀n.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹrù yẹn wà lára ohun tó gbé e dé ibí."

Nísinsìnyí, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé,
ó ń fi omi kọ́ọ̀bù kan gbé oògùn mì,
ó sì jókòó gangan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀.
Ó ní ó dà bí ìyà tí tíṣà fi ń jẹ àwọn nígbà yẹn.
Ó ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tòun teegun.
Ó ń rìn dé igi kajú kejì, ó ń padà, ó ń bá ọ̀pá jà.
Mo ti ká ẹní kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Aṣọ tuntun rẹ̀, mo gé e bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí.
Mi ò sọ fún un mọ́ pé kó nàró.

Àná, lẹ́yìn tí mo ti oníbàárà ìkẹyìn sọ́nà,
mo dúró ti férémù ilẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà.
Mo ti pé mọ́kànléláàádọ́ta. Ọdún mẹ́rin rèé tí mi ò ti rí nǹkan oṣù.
Mo pe Oyèyẹmí ọmọ mi pé kó wá di téèpù mú.
"Ẹ nàró dáadáa, Màmá."
"Mo nàró."
Ó kọ nọ́ńbà kan sínú ìwé.
Mi ò tíì wò ó.