Ọwọ́ Tí Mo Gbé Sókè

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan jẹun,
kajú pọ́n lóko, n kò lè gé e jẹ.
Mo fi ògógóró fọ ẹnu,
mo ki kànáfùrù bọ ihò eyín;
eyín ò gbọ́.
Ẹ̀rù ló dá mi dúró, kì í ṣe owó:
ní Lọ́kọ́ja, nígbà èwe mi,
ọkùnrin méjì ló dì mí lápá mú,
ẹnìkan ò bi mí lórúkọ.

Kàbbà ni mo gbà nígbẹ̀yìn,
lọ́dọ̀ ọmọbìnrin Mẹ́dúbì, dókítà eyín.
“Okun o, Baba,” ló kọ́kọ́ wí,
bí a ṣe ń kí ara wa ní Ìyàrá.
Ó fa àpótí, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé.
Kò fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sẹ́yìn.
“Yóò ta yín bí ìjàlọ. Kò ní pẹ́.
Bí ẹ bá fẹ́ kí n dúró,
ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè.”

Mo gbé e sókè.
Kò dùn mí o. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irọ́ ni.
Ó dúró.
Fáànù nìkan ló ń yí lókè orí wa.
Mo tún gbé e.
Ó tún dúró, ó rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú:
“Baba, ẹ ń dán mi wò.”

Ìgbà wo ni eyín kúrò? Ẹ má bi mí.

Lálẹ́, fóònù dún. Ohùn rẹ̀ ni:
“Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dá?”
Òwú kún mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ò jáde.
Nínú òkùnkùn yàrá mi,
mo gbé ọwọ́ òsì sókè.